Má Fi Páànù Tó Ń Jò Sílẹ̀ Di Ẹ̀ẹ̀rùn

Iṣẹ́ káfíńtà òrùlé ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni kí onílé gbé báàfù sábẹ́ ibi tó ń jò, kó ní ó di ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo omi yẹn kọ́ ló ń bọ́ sínú báàfù o. Ó ń ṣàn lórí igi àjà, igi á jẹrà, ikán á sì gba ibi tó tutù wọlé. Bó bá kan wáyà iná, ewu ńlá nìyẹn: ẹ pa iná náà láti ìdí mítà, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Ẹ gòkè àjà lọ́sàn-án gangan. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ihò wà níbẹ̀. Ẹ fi èékánná tẹ igi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá wọlé, ẹ pààrọ̀ igi kí ẹ tó kàn páànù.

Ìṣó tó ti yọ sókè ńkọ́? Ẹ má kàn gbá a padà, ihò rẹ̀ ti fẹ̀. Ẹ fi èyí tó nípọn jù ú lọ, tó ní rọ́bà lọ́rùn, rọ́pò rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjì oṣù kẹta á gba abẹ́ páànù kan ṣoṣo yẹn wọlé, á sì ṣí ìyókù lọ. Ẹni tó bá sì gun òrùlé, orí ìlà ìṣó ni kó máa tẹ̀, torí ibẹ̀ ni igi wà.