Bó o ṣe lè ka aláǹtakùn inú igbó fúnra ẹ

Tó o bá wà lápá Ìgbómìnà, bí ọ̀nà Ọ̀wá Kájọlà níbi tí omi Owú ti ń dà, o ò nílò ẹ̀rọ kankan, tọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun àti ọ̀pá ti tó. Tẹ́ aṣọ sábẹ́ ẹ̀ka, fi ọ̀pá gbá a lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó o ka gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó bá já bọ́. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, kòkòrò lásán nìyẹn, àmọ́ kà wọ́n náà o, torí oúnjẹ aláǹtakùn ni wọ́n, ibi tí wọ́n bá pọ̀ sí lòun náà máa ń fẹ́ wà.

Tó bá dalẹ́, gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹ, tàn án sórí ewé gbígbẹ, ojú àwọn tó ń dọdẹ nílẹ̀ á máa dán bí ìrì (èmi kọ́kọ́ rò pé omi ni!). Àwọn tó ń ta òwú ní tiwọn ń wá ẹ̀ka tí wọ́n máa so ó mọ́, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í pọ̀ níbi tí wọ́n bá ti sun igbó.

Ṣe é nígbà ọyẹ́, kó o tún padà lọ lóṣù kẹfà tójò ti ń rọ̀, igi kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹwàá náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òǹkà ẹ ò wúlò. Wọ bọ́ọ̀tù, ejò ń bẹ.