Akọni Tí Ọta Kò Ràn àti Akọni Tí Ọta Kò Bá: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Dídá Akọni Géèmù

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín akọni tí ń fara da ọgbẹ́ àti akọni tí ń yẹra fún un kò ní láti rìn jìnnà sí ilé. Àwọn jagunjagun ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti pín in lẹ́sẹẹsẹ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ géèmù rí: okígbẹ́ wà fún àdá, ayẹta wà fún ìbọn, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ti ẹni tí yóò dúró kí wọ́n ṣá a, kí wọ́n sì yìnbọn lù ú, ṣùgbọ́n àféèrí àti egbé jẹ́ ti ẹni tí ọ̀tá kò ní rí, tàbí tí ọ̀tá yóò nawọ́ sí tí kò ní bá a níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ géèmù lónìí, yálà ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n ń lò wọ́n bí ẹni pé ohun kan náà ni gbogbo wọn, tí ìyàtọ̀ wọn kò ju nọ́ńbà tí a tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lọ.

Àṣìṣe tí ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kíkó gbogbo ààbò wọ akọni kan ṣoṣo lọ́rùn. Ẹni tí ń ṣe géèmù fẹ́ràn akọni rẹ̀, ó fún un ní ayẹta, ó tún rò pé kò burú bí ó bá lè pòórá pẹ̀lú, nígbà tí yóò sì fi parí, ó ti dá ẹni tí a kò lè rí lù, tí lílù kò sì ní ràn bí a bá tilẹ̀ rí i. Àwọn àgbà tí ń ṣe oògùn ogun kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn wọn ní èèwọ̀: ó lè jẹ́ oúnjẹ kan tí ẹni tí ó ni ín kò gbọdọ̀ fẹnu kàn, ó sì lè jẹ́ ohun kan tí kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ ré kọjá, iṣẹ́ ọ̀tá sì ni láti wádìí rẹ̀ kí ogun tó dé. Ìwádìí yẹn gan-an ni eré. Superman, akọni inú ìwé ìtàn alàwòrán tí ọta kò ràn, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1938, nígbà tí ó sì di 1943, ètò rẹ̀ lórí rédíò ti mú kryptonite, òkúta tí ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, wọ inú ìtàn náà. Títí di òní, òkúta yẹn ni àwọn tí ń kọ ìtàn rẹ̀ máa ń sá tọ̀ nígbà tí agbára rẹ̀ bá ti pọ̀ jù fún ìjà tí wọ́n fẹ́ kọ.

Ẹ má ṣe fún akọni méjèèjì ní èèwọ̀ kan náà o. Ohun tí ó yẹ kí ó máa ba ẹni tí ń fara dà á nínú jẹ́ ni májèlé tí ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ohun ìjà tí ń lu ìhámọ́ra já, àti àkókò, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Ẹni tí ń yẹra kì í bẹ̀rù ìwọ̀nyí tó bẹ́ẹ̀; ohun tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù ni okùn tí ó so ó mọ́lẹ̀, iná tí ó bo gbogbo àgbàlá, àti ibi tóóró. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ jẹ́ ẹ̀rù ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí ojú ti lè ríran jìnnà, ṣùgbọ́n nínú igbó, igi kò jẹ́ kí ẹṣin sáré, eṣinṣin tí ń kó àrùn ran ẹṣin sì ń pa wọ́n. Ẹni tí ó bá ń ya àwòrán ibi ìjà ti ń yan ẹni tí yóò borí kí a tó fi akọni kankan sí i, ọ̀pọ̀ ni kò sì fura.

Àṣìṣe mìíràn fara sin díẹ̀, nítorí pé ìṣirò ni ó ń tì í lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a mú akọni méjì tí ẹ̀mí kálukú (nọ́ńbà tí ọgbẹ́ ń dín kù, tí akọni ń kú bí ó bá tán) jẹ́ 200, kí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tá kọ̀ọ̀kan sì máa gba 100. Èkíní wọ ìhámọ́ra tí ń dín ẹ̀ṣẹ́ kù sí ìdajì. Èkejì kò wọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ méjì-méjì ni yóò máa yẹ ọ̀kan, bí kọ̀ǹpútà bá ti fẹ́. Ẹni tí ó ṣe ìṣirò yóò wí pé ọgba ni wọ́n, nítorí pé bí a bá pín in dọ́gba-dọ́gba, ẹ̀ṣẹ́ 4 ni yóò pa ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í gbé inú ìpín dọ́gba-dọ́gba. Oníhámọ́ra yóò kú sí ẹ̀ṣẹ́ kẹrin ní gbogbo ìgbà, ẹni tí ń lò ó sì mọ̀ pé lẹ́yìn ẹ̀kẹta ó yẹ kí òun sá. Ní ti èkejì, ìgbà kan nínú 4 ni ẹ̀ṣẹ́ méjì àkọ́kọ́ yóò bà á léra wọn tí yóò sì kú sí èkejì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ 6 yóò kọjá tí yóò ṣì wà lórí ìdúró. Bí ó bá kú, eléré kò mọ ohun tí òun ṣe. Bí ó bá yè, kò mọ̀ pẹ̀lú. Tẹ́tẹ́ ni ó ń ta, kò jà. Bí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má lo irú oríire bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa rántí, kí ẹ̀ṣẹ́ tí ó bà mú kí yíyẹ èyí tí ó tẹ̀lé e rọrùn sí i. Ohun tí ó dára jù ni kí ẹ fi yíyẹ náà sí ìkáwọ́ eléré fúnra rẹ̀.

Ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn a tún máa ro ìdá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ mọ́ra. Akọni tí ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 1,000, tí ìhámọ́ra rẹ̀ ń gé ọgbẹ́ kù ní ìdá 10 nínú 100, yóò gba ọgbẹ́ tí ó tó 1,111 kí ó tó kú, èrè kékeré ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wà ní ìdá 80 tí ẹ sì fi ìdá 10 kan náà kún un, láti 5,000 ni ó fò sí 10,000. League of Legends, géèmù ìjà orí kọ̀ǹpútà tí ó jáde ní 2009, yẹra fún kòtò yìí: ìhámọ́ra 100 ń sọ ọgbẹ́ di ìdajì, 200 ń sọ ọ́ di ìdá kan nínú mẹ́ta, èyí tí ó túmọ̀ sí pé iye kan náà ni gbogbo 100 tí a bá fi kún un ń fi kún ìfaradà.

Ẹ má sì dá akọni oníhámọ́ra tí ẹnikẹ́ni kò ní ìdí láti lù. Ọ̀tá tí ó gbọ́n yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ bá ẹni tí ara rẹ̀ rọ̀, òun yóò sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ bí òpó. Nínú géèmù ìbọn Overwatch, nígbà tí ó jáde ní 2016, akọni kan tí ń jẹ́ Tracer ní ẹ̀mí 150, ó sì lè fò síwájú, kí ó tún padà sí ibi tí ó wà ní ìṣẹ́jú àáyá 3 sẹ́yìn. Akọni mìíràn, Reinhardt, ní 500, ṣùgbọ́n asà ńlá tí ó ń gbé síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹni tí a kò lè gbójú fò, kì í ṣe 500 náà. Gbètugbètu lè ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú géèmù tiwa, kí ẹni tí a pè má lè ṣe kí ó má wá. Ẹ̀wẹ̀, ẹ wo Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, oyè tí Tóyèjẹ àti Ládòkè Akíntọ́lá jẹ láti Ògbómọ̀ṣọ́: àṣà sọ pé gbẹ́rẹ́ 201 ni wọ́n ń sín sí i lórí, kì í sì í sá, láàárín oṣù 3 ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé wálé. Agbára ìfaradà rẹ̀ àti ohun tí kò jẹ́ kí ó sá wá pọ̀ ni. Ó ṣòro láti rí akọni géèmù tí a ronú sí tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan rò pé ọ̀nà méjì péré ni ó wà. Nínú ìtàn Ọ̀yọ́, Gbọ̀nkáà kò fara da ọfà iná Tìmì, kò sì yẹ̀ ẹ́. Ó fi oògùn kun Tìmì lóorun ni. Kí á tó dé orí ẹ̀mí àti ìhámọ́ra, ó yẹ kí á bi ara wa bóyá ó pọn dandan kí ìjà náà bẹ̀rẹ̀ rárá. Gbọ̀nkáà kan náà ni ìtàn wí pé iná kò jó nígbà tí Ṣàngó ní kí wọ́n sun ún, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ọjọ́ mìíràn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò, ibẹ̀ sì ni akọni tí ń yẹra ti ń jìyà jù. Kí ojú tó rí nǹkan kí ọwọ́ tó tẹ bọ́tìnì, ó máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Bí géèmù bá ń fi àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán 15 ti kọjá lọ nìyẹn. Ọ̀tá tí ó gbé ọwọ́ sókè fún àwòrán 6 kí ó tó lù kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wá fi ti íntánẹ́ẹ̀tì kún un: ẹni tí ó jókòó ní Under-G lẹ́gbẹ̀ẹ́ LAUTECH, yunifásítì tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí sáfà géèmù rẹ̀ (kọ̀ǹpútà tí ń darí eré náà láti ọ̀nà jíjìn) sì wà ní Yúróòpù, yóò fò kúrò lójú fóònù tirẹ̀, sáfà yóò sì sọ pé ẹ̀ṣẹ́ ti bà á. Oníhámọ́ra kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fà.

Ẹni tí ó ṣe géèmù kọ́ ni yóò mọ̀ bí ìkìlọ̀ bá kúrú, nítorí pé ó ti mọ ìgbà tí ọ̀tá yóò lù. Ẹ gbé e fún ẹni tí kò rí i rí, lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, ní ìrọ̀lẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Bí ó bá kú lẹ́ẹ̀mẹta tí kò sì lè sọ ohun tí ó pa á, ẹ lọ fi àwòrán kún gbígbọ́wọ́sókè ọ̀tá náà kí ẹ tó fọwọ́ kan iye ẹ̀mí akọni.