Ìrírí Mi ní Siem Reap: Láti Ìdí Òfì Dé Ara Ògiri Angkor

Aṣọ òkè ni mo ń tà, aṣọ náà ló sì gbé mi dé Siem Reap ní Kàmbódíà. Ọjà ni mo lọ rà ní Bangkok, mo sì ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá ti rà á tán, n ó kọjá sí Kàmbódíà lọ wo bí àwọn Khmer, ọmọ ilẹ̀ náà, ṣe ń hun ṣẹ́dà, kí n sì fojú ara mi rí àwọn tẹ́ḿpìlì àtijọ́ tí òkìkí wọn kàn káyé. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ síbẹ̀, tẹ́ḿpìlì ni wọ́n ń bá lọ; bí àyè bá ṣẹ́ kù ni wọ́n tó ń yà sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀dọ̀ ahunṣọ ni èmi ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe é, nítorí ohun tí mo rí lórí òfì ni mo tún lọ bá lára òkúta.

Kí n tó dé ni mo ti wá amọ̀nà. Òtẹ́ẹ̀lì tí mo fẹ́ dé sí ló bá mi pè é, ọkùnrin kan tó ní ìwé àṣẹ ìjọba fún iṣẹ́ náà, tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. “Bong” ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Pápákọ̀ òfuurufú tí wọ́n ṣí lọ́dún 2023 jìnnà sí ìgboro, nítorí náà ẹ ti bá awakọ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó gúnlẹ̀. Nínú ìgboro, kẹ̀kẹ́ tí alùpùpù ń fà ni a wọ̀ kiri. Wọ́n ń gba dọ́là níbi gbogbo, ṣẹ́ńjì kéékèèké ni wọ́n sì máa ń fi owó riel tiwọn san.

Amọ̀nà mi kọ orúkọ tẹ́ḿpìlì rẹpẹtẹ sílẹ̀ pé a ó wò wọ́n. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bong, ẹ yọ ìdajì kúrò níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń hun aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú mi lọ.” Ó wò mí, ó bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ya ìwé náà, ó sì kọ òmíràn.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọ gbogbo agbègbè Angkor, níbi tí àwọn tẹ́ḿpìlì náà wà, ojúkò ìjọba ni a ti ra tèmi, wọ́n sì ya fọ́tò mi sára rẹ̀. Dọ́là 37 ni ti ọjọ́ kan, 62 ni ti ọjọ́ mẹ́ta, 72 ni ti ọjọ́ méje. Ti ọjọ́ mẹ́ta ni mo mú, kò sì di dandan kí ọjọ́ náà tẹ̀ léra wọn. Dọ́là méjì nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ń lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Kantha Bopha, èyí tí inú mi dùn sí. Ẹ bo èjìká àti orúnkún yín, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ gun òkè pátápátá ní tẹ́ḿpìlì Angkor Wat bí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìró kò bá àtẹ̀gùn ibẹ̀ mu, ó ga bí ògiri. Ṣòkòtò àti bùbá gígùn ni mo wọ̀.

Oko ṣẹ́dà tí a lọ wà ní Puok, ní ìwọ̀ oòrùn ìlú. Igi múlíbẹ́rì ni wọ́n gbìn síbẹ̀ ní ìlà ìlà, ewé rẹ̀ sì ni oúnjẹ àwọn kòkòrò náà. Wọ́n tẹ́ ewé sórí àtẹ ńlá, àwọn kòkòrò ń jẹ ẹ́ lọ ràì, bí ẹ bá tẹ́tí sílẹ̀ ẹ ó gbọ́ ọ. Nígbà tí kòkòrò bá ti dàgbà, yóò hun ilé yí ara rẹ̀ ká, ti Kàmbódíà sì pọ́n fẹ́rẹ́ bíi góòlù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á láró. Obìnrin kan jókòó ti ìkòkò omi gbígbóná tí ilé kòkòrò ń léfòó nínú rẹ̀. Ó fi igi gbà wọ́n jọ, ó sì fa orí fọ́nrán bíi mélòó kan jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò ṣeé fojú rí àfi bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Ó fi ọwọ́ kan darí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì yí àgbá igi. Fọ́nrán tó wà ní ìta ilé kòkòrò náà le, ó sì nípọn, ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà. Ti inú ló ń dán, tó sì ń rọ̀ lọ́wọ́.

Mo gbé ìrépé sányán kan dání láti ilé. Ṣẹ́dà ni sányán, kòkòrò inú igbó ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kò ṣeé fà ní fọ́nrán kan lọ títí bíi tiwọn. Ríran ni à ń ran án bí òwú lẹ́yìn tí a bá ti sè é. Mo mú un fún ìyá àgbàlagbà kan tó wà lórí òfì. Mo kúnlẹ̀ kí i, òun náà pàtẹ́wọ́ pọ̀ síwájú àyà. Kò wo ojú aṣọ náà rárá, ẹ̀yìn rẹ̀ ló yí sókè tó ń wò. Ó tú fọ́nrán kan létí rẹ̀, ó lọ́ ọ láàárín ìka méjì, ó ní kí amọ̀nà bi mí bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi ran án. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, kò sì dá a padà kánkán.

Iṣẹ́ tí òun ń ṣe ni wọ́n ń pè ní hol. Kí wọ́n tó hun aṣọ ni wọ́n ti ń pa àwòrán rẹ̀ láró. Òwú tó máa gba ìbú ni wọ́n ń nà sórí férémù, wọ́n á fi okùn tín-ínrín di ojú ibi tí wọn kò fẹ́ kí aró mú, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á tú u, wọ́n á tún ibòmíràn dì, wọ́n á sì tún un rẹ, títí gbogbo àwọ̀ á fi pé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdìrẹ oníko ti mọ bí a ṣe ń dì. Aṣọ tó ti jẹ́ odindi ni àwa ń dì. Wọ́n ń di òwú nìkan, ẹni tó ń hun ún á sì máa fi ìka sún fọ́nrán kọ̀ọ̀kan títí tí ẹyẹ tàbí òdòdó yóò fi padà pé síra wọn. Bí fọ́nrán bá fi díẹ̀ yẹ̀, ojú àwòrán á dàrú. Kòkòrò kan tó ń lẹ̀ mọ́ igi ni wọ́n ti ń rí àwọ̀ pupa, èèpo igi kan tó ń jẹ́ prohut ni ti pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹlú sì ni ti búlúù. Nígbà tí mo dé ìdí ìkòkò ẹlú, òórùn tí mo mọ̀ láti kékeré ló pàdé mi.

Iṣẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Láàárín ọdún 1975 sí 1979 tí àwọn Khmer Rouge, ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì ibẹ̀, wà lórí oyè, wọ́n lé àwọn èèyàn kúrò nílé, ọ̀pọ̀ ahunṣọ kú, òfì sì dákẹ́ káàkiri. Lẹ́yìn ogun, ará Japan kan, Kikuo Morimoto, ń wá àwọn ìyá àgbà tó ṣì mọ̀ ọ́n kiri abúlé, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1996 kí wọ́n lè kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó di Artisans Angkor náà ti bẹ̀rẹ̀ láti 1992, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ abúlé ti ń kọ́ gbígbẹ́ òkúta, gbígbẹ́ igi àti ṣẹ́dà. A yà wo àwọn agbẹ́kùúta wọn nínú ìlú; àwọn kan lára wọn kò gbọ́ràn, ọwọ́ wọn sì dá ṣáká.

Ọ̀nà tẹ́ḿpìlì Banteay Srei gba abúlé Preah Dak kọjá, ẹ má ṣe sáré kọjá níbẹ̀. Omi dídùn tí wọ́n dá lára òdòdó ọ̀pẹ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń sè nínú agbada lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń rò ó títí yóò fi dì, tí wọ́n á wá dà á sínú òrùka tí wọ́n fi ewé ọ̀pẹ ṣe. Ṣúgà ni. A jẹ num banhchok níbẹ̀ pẹ̀lú, núdù ìrẹsì tí wọ́n da ọbẹ̀ ẹja lé, ewé tútù sì pọ̀ lórí rẹ̀.

Banteay Srei kéré, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo rí, òun ni n ó padà lọ wò. Ọdún 967 ni wọ́n yà á sí mímọ́ fún Shiva, òrìṣà àwọn Híńdù. Ọba kọ́ ló kọ́ ọ, Yajnavaraha ni, olùkọ́ àti olùdámọ̀ràn láàfin. Yangí ni wọ́n fi mọ odi rẹ̀, yangí tí a mọ̀ nílé gan-an, ṣùgbọ́n òkúta iyanrìn tó pọ́n bí osùn ni wọ́n gbẹ́ ọnà sí. Lókè ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Ravana, ọba ẹlẹ́mìí èṣù olórí púpọ̀, ń fi gbogbo apá rẹ̀ mi òkè Kailasa, ibùgbé Shiva, àwọn ẹranko ń sá àsálà nísàlẹ̀, ìyàwó Shiva rọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ lókè, Shiva sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ lásán tẹ òkè náà mọ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè ti ìka bọ ẹ̀yìn ewé tí wọ́n gbẹ́, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kàn án o. Lọ́dún 1923, André Malraux tó padà di òǹkọ̀wé ńlá ní Faransé gé ère lọ níbẹ̀, wọ́n sì mú un. Láti 1931 dé 1936, Henri Marchal tú tẹ́ḿpìlì náà, ó sì tún un tò ní òkúta dé òkúta.

Aṣọ tó wà nídìí àwọn obìnrin òkúta náà ni mo ń wò. Mo rí ìṣẹ́po rẹ̀, mo rí ibi tí wọ́n ti ki etí rẹ̀ bọ ìdí.

Ọ̀sán ni a lọ sí Angkor Wat, kì í ṣe ìdájí tí èrò ń rọ́ lọ wo oòrùn. Ìwọ̀ oòrùn ni ó kọjú sí, nítorí náà ọ̀sán ni ìmọ́lẹ̀ ń tàn sí i lójú. Ọba Suryavarman Kejì ló kọ́ ọ fún Vishnu, òrìṣà Híńdù mìíràn, ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kejìlá, yàrà olómi tó yí i ká sì fẹ̀ tó 190 mítà. Àwọn èèyàn ń sáré lọ sídìí àwòrán gígùn níbi tí àwọn òrìṣà àti àwọn ẹlẹ́mìí èṣù ti ń fi ejò ńlá po òkun wàrà, ó sì yẹ ní wíwò. Ṣùgbọ́n amọ̀nà mi fà mí sẹ́yìn síbi òpó ẹnu ọ̀nà kan. Wọ́n gbẹ́ òbíríkítí wẹẹrẹ sára rẹ̀ láti òkè délẹ̀, òdòdó tàbí ẹyẹ wà nínú wọn, kò jìn ju èékánná lọ. Ó ní àwọn onímọ̀ kan gbà pé aṣọ ni wọ́n ń fi òkúta ṣe, irú èyí tí wọ́n ń ta sára ògiri. Èmi gbà á. Bí ọnà náà ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe ní ìbú àti ní òró, ẹni tó bá ti jókòó sídìí òfì rí kò ní jiyàn rẹ̀. Zhou Daguan, ará Ṣáínà tó gbé Angkor ní 1296 sí 1297, kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣọ dáadáa ń wá láti Siam (Thailand òde òní), láti Champa (ní Vietnam òde òní), àti láti òkèèrè ní ìwọ̀ oòrùn, àti pé àwọn ará Siam ni wọ́n ń sin kòkòrò ṣẹ́dà níbẹ̀ nígbà náà. Lójú tèmi, ó ṣeé ṣe kí àwọn agbẹ́kùúta yẹn náà ti rí aṣọ àjòjì ṣáájú ìgbà rẹ̀, kí wọ́n sì fẹ́ kó pẹ́ láyé ju òwú lọ.

Ní tẹ́ḿpìlì Bayon ti Ọba Jayavarman Keje, ojú ńláńlá tó wà lórí ilé ìṣọ́ ni gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri: obìnrin ń pàtẹ lọ́jà, àwọn kan ń sè, àwọn ọkùnrin ń mú àkùkọ jà. Tẹ́ḿpìlì Ta Prohm tí gbòǹgbò igi gùn lórí kò pẹ́ wa lọ́wọ́, èrò ti pọ̀ jù.

Ní ti rírà: ọ̀pọ̀ aṣọ tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́dà lójú ọ̀nà, pọ́lísítà ni. Ẹ fa fọ́nrán kan létí rẹ̀, kí ẹ bi olùtajà kí ẹ tó fi iná kàn án. Ṣẹ́dà á rùn bí irun tó jóná, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lẹ́búlẹ́bú. Pọ́lísítà á yọ́, á sì dì pọ̀ bí ike. Ìborùn krama olówùú dára láti kó fún àwọn ará ilé. Èmi ra hol kan, n kò ná an, nítorí mo ti rí iye ìgbà tí wọ́n dì í tí wọ́n sì tú u. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó hun ún àti abúlé rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì, wọ́n sì kọ ọ́, kí oníbàárà mi tó bá bi mí lè gbọ́ ọ.