Táyà 26 tí kò wọ rímù 26: bí mo ṣe ra kẹ̀kẹ́ triathlon mi

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, omi kì í bà mí lẹ́rù. Etí ọ̀sà la dàgbà sí, a ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí a tó mọ ABD. Eré sísá náà, ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti ń sá a láràárọ̀ láti Òkè-Bálógun. Nígbà tí mo wá ní mo fẹ́ ṣe triathlon, ìyẹn eré tí èèyàn á lúwẹ̀ẹ́, á gun kẹ̀kẹ́, á tún sáré, tí kò ní sinmi láàárín, kẹ̀kẹ́ nìkan ló kù. Mo rò pé ìyẹn ló máa rọrùn jù. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Olympic ni mo dojú lé: kìlómítà 1.5 nínú omi, 40 lórí kẹ̀kẹ́, 10 lórí ẹsẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ triathlon kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ológeere tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko o. Ìwo méjì ló yọ síwájú lórí ọwọ́ rẹ̀. Èèyàn á fi ìgúnpá lé tìmùtìmù kékeré méjì, á wá dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tó ń kí ọba, kí atẹ́gùn má baà rí àyà rẹ̀ gbá. Ìjókòó rẹ̀ náà sún síwájú: òpó tó gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ eré ojú títì dúró máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 73, ti triathlon máa ń tó 76 sí 78. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó ń ṣe triathlon ní Olympics gan-an kì í lò ó. Lọ́hùn-ún, wọ́n gbà kí èèyàn sá sẹ́yìn ẹlòmíràn kó fi í dí atẹ́gùn, kẹ̀kẹ́ ojú títì lásán ni wọ́n sì ń gùn. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje tàwa tí a kì í ṣe ọ̀gá, èèwọ̀ ni kí o lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Ìwọ àti atẹ́gùn lẹ jọ máa yanjú ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ béèrè tuntun. Ṣọ́ọ̀bù kan l'Ékòó ní mílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀, wọ́n sì máa kọ̀wé sókè òkun kó tó dé, kí n kọ́kọ́ san ìdajì. Mi ò ní jókòó lé e lórí kí n tó sanwó o. Ìyàwó mi ka iye náà lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ó bi mí bóyá ó ní ẹ́ńjìnnì. Mo ní kò ní. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, tí ẹ bá ra eléyìí, orí ẹ̀ lẹ máa máa sùn." Ká má purọ́, tuntun wù mí. Ẹnikẹ́ni ò tíì gbé e ṣubú, ẹnikẹ́ni ò sì tíì làágùn sí i lára. Ṣùgbọ́n owó ilé ìwé àwọn ọmọ kì í gbọ́ ìyẹn.

Bí mo ṣe bọ́ sídìí tòkunbọ̀ nìyẹn. Mo rí ọ̀kan l'Íkòròdú, kábọ́ọ̀nù dúdú kan (ohun tó le bí irin, tó sì fúyẹ́ jù ú lọ) tó ń dán bí bàtà ọ̀gá ọlọ́pàá, ₦850,000. Mo bẹ bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ayétòrò kó bá mi lọ. Láti ayé kẹ̀kẹ́ Raleigh ni bàbá ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. A wọ bọ́ọ̀sì, a gba Ìtòíkín lọ. Bàbá yí kẹ̀kẹ́ náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Ibo ni wọ́n ń gbé ẹrù sí lára ẹ̀?" Ẹni tó ń tà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́.

Bàbá tọ́ itọ́ sí àtàńpàkò, ó fi nu ẹ̀gbẹ́ táyà, ó ní kí n bá òun ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. 23-571 ni. Ọlọ́jà ní, "Táyà 26 ni, bàbá, ó kún ìgboro." Bàbá ò dá a lóhùn. Ó ní kí n lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà lódìkejì títì, kí n bá òun yá táyà 26 kan wá. Èyí tí mo gbé dé, 559 ni wọ́n kọ sí i lára. Bàbá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó bọ́ ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ náà, ó gbé rímù rẹ̀ lé táyà náà lórí. Etí rímù kọjá etí inú táyà yíká, kò ju ìbú ìka kékeré ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n kò sí bí o ṣe máa fà á tó máa wọ̀ ọ́. 571 àti 559 yẹn ni ìwọ̀n ibi tí táyà ti ń jókòó lórí rímù, ní mìlímítà. Ínṣì 26 ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì, mìlímítà 12 ló wà láàárín wọn. 650c lorúkọ tèyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ náà. Wọ́n lò ó púpọ̀ fún kẹ̀kẹ́ triathlon ní àwọn ọdún 1990, àmọ́ 700c, tí nọ́ńbà tiẹ̀ jẹ́ 622, ló gbòde báyìí. Tí táyà yẹn bá bẹ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ta ni mo fẹ́ lọ bá?

Kò tán síbẹ̀. Bàbá tú súkúrù ìjókòó, ó ní ká fà á sókè. Àwa méjèèjì fà á, kò mira. Ó yọ tìmùtìmù ìgúnpá kan, ẹ̀fun funfun dà sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, súkúrù ibẹ̀ sì ti jẹra. Òógùn ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó lókè òkun máa ń dè é mọ́lẹ̀ nínú ilé, wọ́n á máa wa ẹsẹ̀ lójú kan, òógùn á máa kán sórí ibì kan náà fún ọdún púpọ̀. Ọlọ́jà já a sí 600,000. Bí a ṣe ń lọ, ó pè wá padà, ó ní 500,000. Ọlọ́run ló mọ̀, mo ti fẹ́ yà padà. Bàbá di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ń já owó báyìí, ó mọ nǹkan tó wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìkejì yọjú, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń palẹ̀ mọ́ àtijápa. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, kò wu ojú rárá. Alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, fọ́ọ̀kì iwájú nìkan ni kábọ́ọ̀nù. Nọ́ńbà táyà ni mo kọ́kọ́ wò: 622. Òpó ìjókòó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀. Bàbá fi owó ẹyọ kan kan fọ́ọ̀kì láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó-kó-kó, ohùn kan náà ló ń dún. Ibi tó bá ti sán nínú, ohùn rẹ̀ máa ń kú. Mo fara ti ògiri, mo gùn ún, ìgúnpá mi bọ́ sórí tìmùtìmù láìjẹ́ pé mo na ọrùn. Ẹni tó ni í ga tó mi, oríire nìyẹn.

Ṣéènì ni ẹjọ́ wà. Rúlà onínṣì 12 lèèyàn máa fi wọ̀n ọ́n: tí ṣéènì bá ṣì jẹ́ tuntun, tí a bá ka oríkèé rẹ̀ ní méjì-méjì, ìkejìlá máa ń bọ́ sórí ínṣì 12 géérégé. Tiẹ̀ ti kọjá ibẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì. Ṣéènì tó bá ti fà tó yẹn, ó ti jẹ eyín gíà ẹ̀yìn mọ́ ọn. Mo fi rúlà hàn án, ₦720,000 bọ́ sí 640,000. Mo gba ríṣíìtì tó fi rà á, mo ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lábẹ́ féréèmù, kí ẹnì kan má wá mú mi lọ́jọ́ kan pé tòun ni.

Ṣéènì, eyín gíà ẹ̀yìn, táyà méjì, túùbù mẹ́rin àti akoto, gbogbo ẹ̀ gba 185,000. Ṣe bó o bá ṣírò ẹ̀, 825,000 ni mo ná. Kò dé ìdá kan nínú mẹ́rin ti tuntun.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀: orí ìwo yẹn ni gíà wà, ṣùgbọ́n bíréèkì wà lórí ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí o bá dọ̀bálẹ̀, o ò lè tètè tẹ bíréèkì. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gùn ún gba ọ̀nà Ìtòíkín, ọlọ́kadà kan tó gbé agbọ̀n ẹja yà wọ iwájú mi láìwẹ̀yìn, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti gbéra ńlẹ̀ nítorí kòtò. Ibi tí títì bá ti dán nìkan ni mo ń dọ̀bálẹ̀ báyìí, kò sì pọ̀.

Ìjókòó nìkan ló kù tí èmi àtiẹ̀ ò tíì gbọ́ra wa yé. Mo sún un síwájú, mo sún un sẹ́yìn, tí mo bá ti kọjá kìlómítà 25 ó ṣì ń bá mi jà. Bàbá ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé.