Ẹ̀bùn tí bàbá yín ò ní tì mọ́ àpótí

Ẹ ṣí àpótí aṣọ bàbá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún wò. Ẹ ó rí ṣẹ́ẹ̀tì tó ṣì wà nínú ọ̀rá, aago ọwọ́ tí bátìrì rẹ̀ ti kú, àti lọ́fínńdà tí wọn ò ṣí rí. Àwọn ọmọ ló kó gbogbo rẹ̀ wá, owó gidi ni wọ́n sì fi rà á. Bàbá dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà. Àmọ́ nǹkan náà ò bá ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ mu, ìdí nìyẹn tó fi wọ àpótí lọ.

Kí ẹ tó jáde lọ sọ́jà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wo bàbá yín dáadáa. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú lọ́wọ́ tí wọ́n bá jí? Ta ló ń wá wọn wá nírọ̀lẹ́, kí sì ni wọ́n jọ ń ṣe? Èwo nínú àwọn nǹkan wọn ló gbó jù? Èyí tó gbó jù yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́, torí ohun téèyàn fẹ́ràn ló máa ń lò gbó. Tí ẹ bá wà lókè òkun, ẹ bi màmá, tàbí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ máa ń jókòó. Ẹ má bi bàbá fúnra wọn. "Ẹ má da ara yín láàmú" ni wọ́n máa sọ.

Tó bá jẹ́ pé ìmúra ni wọ́n fẹ́ràn, fìlà ni kí ẹ rà, kì í ṣe aṣọ. Ẹni tó bá fún bàbá ní aṣọ tí a ò tíì rán ti gbé owó télọ̀ lé wọn lórí. Fìlà ní tirẹ̀, wọ́n á dé e lọ́jọ́ náà gan-an, bó bá ṣáà ti bá orí mu. Ẹ fi téèpù yí orí wọn ká: kó gba àárín iwájú orí, kó gba òkè etí méjèèjì, kó sì kan ibi tó yọ jù ní ìpàkọ́. Orí ọ̀pọ̀ àgbà ọkùnrin máa ń wà láàárín ínǹṣì 22 sí 24. Tí ẹ ò bá fẹ́ kí wọ́n fura, ẹ mú fìlà tí wọ́n ń dé jù, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tábìlì, ẹ wọn etí rẹ̀ láti igun dé igun, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: ínǹṣì 11 àtààbọ̀ á fún yín ní fìlà 23. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n máa ń fọwọ́ ti fìlà náà kúrò lójú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti nà nìyẹn. Ẹ dín ìdajì ínǹṣì kù.

Ẹ má yí irú fìlà wọn padà. Bàbá tó ti ń dé gọ̀bì láti ìgbà ọ̀dọ́ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dé abetí ajá nítorí yín. Ní ti àwọ̀ aṣọ òkè tí wọ́n fi rán fìlà, sányán ló máa ń bá aṣọ púpọ̀ jù lọ. Ẹtù náà dára, àmọ́ àlàárì pupa le díẹ̀ láti bá aṣọ mìíràn mu. Ẹ kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ kan omi, torí aṣọ òkè lè súnkì, ohun líle tó wà nínú fìlà á sì rọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ti tó. Tó bá jẹ́ ọjọ́ àwọn bàbá, ìyẹn ọjọ́ Àìkú kẹta nínú oṣù Òkúdù, lẹ ń lé, ẹ ti bá ahunṣọ sọ ọ́ ní oṣù kan ṣáájú.

Fún bàbá tó fẹ́ràn ìròyìn àti orin àtijọ́, rédíò ò láfiwé. Ẹ wá èyí tó ní bọ́tìnnì ńlá tí wọ́n á máa fọwọ́ yí. Èyí tó to bọ́tìnnì tíńtìntín mẹ́jọ sójú, tí gbogbo wọn jọra, ọ̀nà àpótí ló ń lọ. Kó lè gba iná, kó sì lè gba bátìrì lásán lọ́jọ́ tí iná bá lọ. Ẹ fi orin sí i kí ẹ tó gbé e dé: Hárúnà Ìṣọ̀lá tó bá jẹ́ àpàlà ni tiwọn, Yusuf Ọlátúnjí tó bá jẹ́ sákárà, Ebenezer Obey tó bá jẹ́ jùjú. Ibí gan-an ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Ẹ lo mẹ́mórì káàdì tí kò ju 32GB lọ. Exfat, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sínú káàdì, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe èyí tó jẹ́ 64GB sókè, ọ̀pọ̀ rédíò kékeré ò sì lè kà á. FAT32 ni wọ́n mọ̀. Kí orin náà jẹ́ MP3, torí irú fáìlì mìíràn tí ẹ gbà lórí fóònù, rédíò lè kàn fò ó kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn rédíò yìí ló máa ń kọ orin bó ṣe tò wọlé, torí náà ẹ da orin olórin kan sí i tán kí ẹ tó da ti òmíràn.

Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà lẹ ti rà á, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà. Tó bá jẹ́ 100-240V, kò séwu. Èyí tó bá jẹ́ 120V nìkan á jóná bí wọ́n bá kì í bọ iná Nàìjíríà.

Bàbá tó ń ta ayò máa mọ ọpọ́n gidi yàtọ̀ sí ọpọ́n ẹ̀ṣọ́. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kó ọmọ ayò 15 sínú ihò kan. Tí wọ́n bá dà sílẹ̀, ihò náà ò jìn tó, kò sì ní gba odù, ìyẹn ọmọ ayò púpọ̀ tó kó jọ sínú ihò kan. Ẹ gba ọmọ ayò mẹ́rin sí mẹ́fà lé e, torí wọ́n máa ń sọnù. Ní ti dáràfù, onílé 10 sí 10 ni àwọn bàbá ń ta ládùúgbò, ogún ọmọ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ṣọ́ọ̀bù ńlá ń tà sábà máa ń jẹ́ onílé mẹ́jọ. Ẹ ka ilé rẹ̀ kí ẹ tó rà á.

Àgbẹ̀ ni bàbá yín? Ẹ fi àdá àti ọkọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n ti mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rọ onílítà 16 tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fi fín oògùn sóko dára, àmọ́ omi inú rẹ̀ nìkan wúwo tó kílò 16, ìyẹn sì pọ̀ jù fún ẹni àádọ́rin ọdún. Ohun tó dùn mọ́ wọn nínú jù ni kí ẹ sanwó ìroko kan. Ẹni tó ń bá wọn roko ni kí ẹ kó owó náà fún. Tó bá dé ọwọ́ bàbá, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ló máa bá lọ.

Bíbélì tàbí Kùránì onílẹ́tà ńlá sàn ju kí ẹ máa méfò nọ́ńbà awò ojú. Ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wúlò, ẹ rà á fún wọn, àmọ́ ẹ má fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ayọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀bùn náà fún wọn, ẹ yọ iye owó kúrò. Tó bá jẹ́ rédíò, ẹ ki bátìrì bọ̀ ọ́, kí orin sì ti máa lọ lábẹ́lẹ̀ kí ẹ tó kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀. Ẹ fi páálí sílẹ̀ nílé yín: ohun tó bá inú páálí wá, inú páálí ló máa padà sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bi màmá bóyá bàbá ń lò ó. Tó bá ti wọ àpótí, nǹkan kékeré ló sábà máa ń fà á: fìlà ń fún wọn létí, tàbí wọn ò rí bọ́tìnnì tí wọ́n á fi tan rédíò. Ẹ gbé fìlà padà fún ẹni tó rán an. Ní ti rédíò, ẹ kán kútẹ́ẹ̀sì pupa díẹ̀ sórí bọ́tìnnì náà.