Bí ẹ ṣe máa mọ ẹni tó ni bàálù kékeré kan àti ohun tójú ẹ̀ ti rí

Ọ̀pọ̀ bàálù kékeré oníjókòó mẹ́rin tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà báyìí, àgbà ni wọ́n. Ẹ wo Cessna 172 tó wọ́pọ̀ jù: 1956 ló kọ́kọ́ dé ọjà, wọ́n ti ṣe ju 44,000 lọ, àmọ́ ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró lọ́dún 1986, ó di 1996 kí wọ́n tó padà sídìí ẹ̀, torí náà èyí tówó yín máa ká, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti àwọn ọdún 1970, tó ti gba ọwọ́ èèyàn púpọ̀ kọjá, ẹlòmíì fi ń ṣeré lópin ọ̀sẹ̀, ẹlòmíì fi ń kọ́ọ̀yàn níṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹlòmíì tún gbé e kalẹ̀ sínú òjò àti oòrùn fún ọdún gbọọrọ. Ìyẹn ò ní kó má dáa o. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ìtàn ẹni tó ni ín àti ìtàn ààbò ẹ̀, nǹkan kan náà ni wọ́n, ẹ ò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Yálà ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ̀yin àtàwọn ọ̀rẹ́ yín fẹ́ dáwó jọ rà á, àbí ọmọ yín ló fẹ́ fi kọ́ iṣẹ́ pàílọ́ọ̀tì, bẹ́ ẹ ṣe máa tú u wò rèé.

Nọ́ḿbà méjì lẹ máa kọ́kọ́ mú sílẹ̀. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà sára bàálù lápá ẹ̀yìn: ti Amẹ́ríkà fi N bẹ̀rẹ̀, ti Ìlú Ọba fi G, ti Nàìjíríà fi 5N. Ìkejì ni serial number, ìyẹn nọ́ḿbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un, ó wà lára irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara bàálù, ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ lè fi hàn yín. Ìkejì yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí nọ́ḿbà N ṣeé pààrọ̀. Ẹni tó ni ín lè ní òun fẹ́ kí lẹ́tà orúkọ ìyàwó òun wà níbẹ̀, á san owó péréte, wọ́n á yí i fún un, òfin gbà á láyè. Àmọ́ bàálù tó já lulẹ̀ lọ́dún 1988 pẹ̀lú nọ́ḿbà kan lè máa jẹ́ nọ́ḿbà míì lónìí, tó bá sì jẹ́ èyí tó wà lára ẹ̀ báyìí nìkan lẹ wá, ẹ ò ní rí nǹkan kan, ẹ ó wá rò pé nǹkan kan ò ṣe é rí.

Tẹ́ ẹ bá ti ní méjèèjì, ẹ lọ sí registry.faa.gov, ibẹ̀ ni FAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà, kó orúkọ gbogbo wọn sí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa rí ọdún tí wọ́n ṣe é, irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín àti ọjọ́ tí ìwé ẹ̀ máa parí. Láti oṣù kìíní 2023 ọdún 7 ni ìwé náà ń lò, ọdún 3 ni tẹ́lẹ̀, bó bá ti kú, bàálù ò gbọ́dọ̀ fò. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tẹ́ ẹ bá rí orúkọ báǹkì tàbí orúkọ kọ́ńpìnnì kan tẹ́nì kankan ò mọ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tí kò sì ní green card ò lè fi orúkọ ara ẹ̀ forúkọ bàálù sílẹ̀ níbẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi sábẹ́ trust, báǹkì á wá dúró fún wọn, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí bàálù aládàáni oní-N ní Èkó àti Àbújá. Látìgbà òfin 2024 pàápàá, ẹni tó bá wù lè ní kí FAA má fi orúkọ òun han aráyé. Kò túmọ̀ sí pé olè ni.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn ni fáìlì tó wà ní Oklahoma City. FAA ń tọ́jú ìwé bàálù kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, látọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ tó rà á, ẹnikẹ́ni ló sì lè san owó kékeré kó gba ẹ̀dà ẹ̀. Ẹ gbà á, ẹ jókòó tì í, ẹ kà á látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ìwé títà tẹ̀lé ara wọn: A tà fún B, B tà fún D, ṣé kì í ṣe pé B sọnù láàárín? Ẹ wá gbèsè. Bí ẹnì kan bá ti fi bàálù dógò ní báǹkì lọ́dún 1995 tí báǹkì ò kọ̀wé pé ó ti san án tán, gbèsè yẹn ń tẹ̀lé bàálù dé ọwọ́ yín ni, kò tẹ̀lé ẹni tó yáwó. Inú fáìlì yìí náà lẹ ti máa rí gbogbo nọ́ḿbà N tó ti jẹ́ rí, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, ẹ máa lò wọ́n láìpẹ́.

Ẹ wá fara balẹ̀ wo fọ́ọ̀mù 337. Àtúnṣe ńlá èyíkéyìí àti ìyípadà ńlá èyíkéyìí, mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ń tà á lè máa sọ pé kò fara pa rí, kó sì jẹ́ òótọ́ lẹ́nu tiẹ̀ torí ọdún mẹ́ta péré ló fi ní in, àmọ́ 337 kan láti 1983 á sọ fún yín pé wọ́n pààrọ̀ apá ọ̀tún, wọ́n sì tún irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó ṣe. Kí ló dé tí wọ́n fi pààrọ̀ apá? Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi í nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni NTSB, àwọn tó ń wádìí ìjàǹbá ní Amẹ́ríkà. Àkọsílẹ̀ ìjàǹbá wọn tẹ́ ẹ lè yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ láti 1962. Ẹ tẹ nọ́ḿbà N òní, kẹ́ ẹ tún tẹ gbogbo ti tẹ́lẹ̀. Ìròyìn àkọ́kọ́ máa ń tètè jáde, ohun tó fa ìjàǹbá gan-an lè gbà tó ọdún kan sí méjì. Tẹ́ ò bá wá rí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ má tíì máa jó o. Tó bá jẹ́ propeller, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú bàálù, nìkan ló gbá ilẹ̀, tàbí táyà àti ẹsẹ̀ bàálù nìkan ló bàjẹ́, òfin ò kà á sí ìjàǹbá tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó NTSB létí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, propeller tó gbá ilẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lè ti ba kráńkì, irin tó ń yí propeller, jẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì lọ́hùn-ún láìsí ohun tójú rí níta.

Torí ẹ̀ lẹ ṣe gbọ́dọ̀ ka logbook, ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí bàálù sí. Mẹ́ta ni: ti ara bàálù, ti ẹ́ńjìnnì, ti propeller. Ẹ tẹ́ wọn kalẹ̀ pa pọ̀ sórí tábìlì, kẹ́ ẹ máa fi déètì wé déètì. Tí ìwé propeller bá sọ pé wọ́n fi tuntun sí i lóṣù kẹfà ọdún 2009, tí ìwé ẹ́ńjìnnì ò sọ ohunkóhun lóṣù yẹn, ẹ dúró níbẹ̀, torí Lycoming tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí sọ pé tí propeller bá ti gbá nǹkan, kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wò ó bóyá àyẹ̀wò ọdọọdún ò fo ọdún kankan. Ẹ wo wákàtí náà. Ẹ́ńjìnnì O-320 ti Lycoming, 2,000 wákàtí ni wọ́n ń sọ kí wọ́n tó tún un ṣe pátápátá, tàbí ọdún 12, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tó fò wákàtí 200 péré láàárín ogún ọdún ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó ti fò 1,500 lọ, torí camshaft wọn, irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, wà lókè, epo á ti ṣàn kúrò lára ẹ̀ tí bàálù bá ti pẹ́ nílẹ̀, ìpata á wá gbà á.

Ó wá ku àwọn àṣẹ ààbò tí FAA ń gbé jáde, AD ni wọ́n ń pè é, ọ̀ranyàn ni. Ẹ jẹ́ n fi méjì hàn yín. Ti Cessna ni ti irin tí àga ń yọ̀ lórí ẹ̀: ihò tó di àga mú máa ń jẹ, pàílọ́ọ̀tì á fẹ́ gbéra, imú bàálù á lọ sókè, àga á ṣàdédé yọ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ tó fi di yoke, ohun tó fi ń darí bàálù, mú á fà á mọ́ra, bàálù á sì pàdánù agbára tó gbé e ró. Láti 1987 ni àṣẹ náà ti wà, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2011. Ẹ tẹ̀ ba kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo àwọn ihò yẹn fúnra yín, kò yẹ kí wọ́n ti fẹ̀ gbọọrọ.

Ìkejì ni ti Piper, ilé iṣẹ́ míì tó ń ṣe bàálù kékeré. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin 2018, apá bàálù Piper Arrow kan tó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ já kúrò lára ẹ̀ ní Daytona Beach, Florida, èèyàn méjì tó wà nínú ẹ̀ kú. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe bàálù àtijọ́. Irin tó gbé apá ró ló ti là díẹ̀díẹ̀ létí ihò bóòtù. AD 2020-26-16 ló tẹ̀ lé e fún àwọn bàálù Piper kan, irú PA-28 àti PA-32, ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀: iye àyẹ̀wò 100 wákàtí tó ti ṣe, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, wákàtí tó ṣẹ́kù nínú gbogbo èyí tó ti fò, ẹ pín in sí 17, ẹ ro méjèèjì pọ̀. Bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ọ̀yàn tàbí tí wọ́n fi ń gbéèyàn gbowó nìkan lòfin ní kó máa ṣe àyẹ̀wò 100 wákàtí. Ká wá ní bàálù méjì wà, méjèèjì ti fò 6,000 wákàtí. Ti bàbá kan tó ń ṣeré tiẹ̀, tó ṣe àyẹ̀wò yẹn nígbà 10 péré, á jẹ́ 1,294. Ti ilé ẹ̀kọ́ tó ṣe é nígbà 50 á jẹ́ 5,059, ó ti ré kọjá 5,000 tí àṣẹ náà fi ṣe ààlà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ wo inú ihò bóòtù náà. Wákàtí kan náà, bàálù kan náà, ẹni tó ni ín ló yàtọ̀. Tí logbook bá ti sọnù ńkọ́? Àṣẹ náà mú un wọlé lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá wà ní Ìlú Ọba, G-INFO, àkọsílẹ̀ bàálù ti CAA, àjọ tó ń bójú tó bàálù níbẹ̀, lẹ máa lò, ọ̀fẹ́ lòun náà, ẹ ka ìròyìn AAIB, àwọn tó ń wádìí ìjàǹbá níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, NCAA ló ń forúkọ bàálù sílẹ̀, NSIB ló ń wádìí ìjàǹbá.

Tí ìwé bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gba mẹkáníìkì tiyín, kó má jẹ́ èyí tó ń ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún fún ẹni tó ń tà á. Ẹ má sì kó owó lé e lọ́wọ́ tààrà, ẹ gbé e sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ escrow, àwọn tó ń di owó mú láàárín ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà, kí wọ́n tún wo fáìlì Oklahoma City lọ́jọ́ tówó fẹ́ kọjá gan-an, torí ìwé gbèsè tuntun lè wọlé lásìkò tẹ́ ẹ ṣì ń dúnàá dúrà. Ẹni tó tà á á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù 8050-2, ìyẹn ìwé títà, ẹ̀yin á kọ 8050-1, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ fi ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n forúkọ yín sílẹ̀, wọ́n á fi méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀ sí FAA. Ẹ fi ẹ̀dà 8050-1 sínú bàálù, òun lẹ máa fi fò títí ìwé gidi á fi dé, inú Amẹ́ríkà nìkan ló sì ti wúlò.