Àṣìṣe tí mo ṣe nínú tírélà nígbà òtútù, ẹ̀yin ẹ má ṣe é o

Àwọn àbúrò wa ní Ìbarà níbí tó ń múra Kánádà ń bi mí pé ṣé èèyàn lè gbé inú tírélà nígbà òtútù. Kì í ṣe tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò o, ilé kékeré orí táyà tí wọ́n ń so mọ́ ìdí mọ́tò ni. Ó ṣeé gbé, mo gbé inú ẹ̀ ní Alberta, àmọ́ ojú mi rí nǹkan.

Hítà iná kékeré kan ni mo kọ́kọ́ rà, mo wá pa hítà onígáàsì tó bá tírélà wá torí owó gáàsì. Yàrá gbóná, síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo ń wọ̀ kiri, àṣé hítà tí mo pa yẹn ló ń fẹ́ ooru sábẹ́ ilẹ̀ tírélà níbi tí páìpù àti táńkì omi wà. Ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ò yọ omi. Ṣẹ́ ẹ rántí ìgò omi tó kún dẹ́nu tá a máa ń kì bọ fírísà tí màmá á bá wa jà? Omi tó bá di yìnyín á fẹ̀ sí i bí ìdá 9 nínú 100, ìgò á sán, bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù. Tó bá ti dì, ẹ má fi iná yá a o, dráyà irun ni kẹ́ ẹ fi fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kán mọ́jú kí páìpù má baà dì. Ilé gidi nìyẹn. Ti tírélà, inú táńkì omi ìdọ̀tí ló ń kán sí, tẹ́ ẹ bá sì ṣí ẹnu táńkì yẹn sílẹ̀, omi tín-ín-rín tó ń jáde á dì sínú róbà tó ń gbé e lọ síta. Ẹ tì í, kó pọ̀ kẹ́ ẹ tó tú u. Ẹ má sì sọ pé kí omi má baà dì, kẹ́ ẹ da kúláǹtì mọ́tò sínú páìpù omi o, májèlé ni.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo ti gbogbo fèrèsé, mo tún fi tépù lẹ ihò òrùlé, pé kí òtútù má wọlé. Láàárọ̀, ògiri ń làágùn bí ìgò mínírà tútù ní gáréèjì Kútọ̀. Èémí mi ni, aṣọ tí mo sá sínú ilé, àti sítóòfù, torí kílò 1 gáàsì tó bá jó á mú omi tó ju kílò 1 àbọ̀ jáde. Ẹ ṣí ihò òrùlé díẹ̀ kẹ́ ẹ sì má fi sítóòfù yá yàrá sùn, èéfín ẹ̀ ń pani. Ìgbà tí mo gbé fóòmù mi sókè, abẹ́ ẹ̀ ti bu, ó dúdú kirikiri. Ààtàn ló sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi sùn lórí pákó.